Ìdọ́gba áyọ́ọ̀nù: bí a ṣe ń yọ àwọn òǹwòran kúrò

Nínú ìdánwò WAEC àti NECO, iṣẹ́ kẹ́mísírì kì í tán síbi pé "mo rí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ funfun". Wọ́n lè ní kí o kọ ionic equation, ìyẹn ìdọ́gba áyọ́ọ̀nù, ohun tí o rí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ SS2 àti SS3 tó ń wá gba lẹ́sìn lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo níbí ti ń fi máàkì ṣòfò. Kì í ṣe pé wọn ò kàwé o. Wọ́n ti há ìdọ́gba rẹpẹtẹ sórí, ìbéèrè á wá mú kẹ́míkà tí kò sí nínú èyí tí wọ́n há jáde, gbogbo rẹ̀ á sì dojú rú.

Èmi kì í jẹ́ kí ọmọ há ìdọ́gba sórí. Nǹkan mẹ́ta péré ló yẹ kó wà lágbárí: iyọ̀ tó ń yòrò nínú omi àti èyí tí kì í yòrò, àwọn ásíìdì tó lágbára, àti ṣáàjì àwọn áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tàbí àkójọ átọ́ọ̀mù tó ní ṣáàjì iná) tó wọ́pọ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà ńlẹ̀, ìyókù di iṣẹ́ ọwọ́.

Kí ló wà nínú omi gan-an?

Tí o bá da iyọ̀ ọbẹ̀ sómi tó sì yòrò tán, kò sí NaCl nínú omi yẹn mọ́. Na⁺ ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, Cl⁻ náà ti gba tirẹ̀, omi sì yí oníkálukú ká. Svante Arrhenius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní 1884. Máàkì tí kò tó nǹkan ni wọ́n fún un ní yunifásítì Uppsala nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1903. Nítorí náà, bí o bá kọ NaCl(aq), ìyẹn NaCl tó yòrò nínú omi, sórí ìwé, orúkọ ìnagijẹ lo kọ yẹn. Na⁺ àti Cl⁻ ló wà nínú ìgò.

Wá mú omi silver nitrate, dà á pọ̀ mọ́ omi iyọ̀. Méjèèjì mọ́ gaara tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kán bíi mélòó kan báyìí, funfun á dì sùùsùù, á sì máa rọ̀ lọ sísàlẹ̀ test tube. AgCl nìyẹn. Ag⁺ ló pàdé Cl⁻ tí wọ́n sì di ara wọn mú. Kí wá ni NO₃⁻ àti Na⁺ ṣe? NO₃⁻ ló kó Ag⁺ wọ inú ìgò, Na⁺ ló kó Cl⁻ wá. Bọ́kọ bá mojú aya, alárinà a yẹ̀ba. Àwọn méjèèjì ṣì wà nínú omi yẹn o, wọn ò pòórá. Tí o bá sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà kúrò, tí o sì fa omi tó kù gbẹ lórí iná, wàá bá wọn nídìí rẹ̀ ní ìyọ̀ funfun. Àmọ́ bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ṣe wà. Àwọn là ń pè ní áyọ́ọ̀nù òǹwòran, spectator ions tí o máa ń rí nínú ìwé.

Ìdọ́gba tí a bá kọ lẹ́yìn tí a ti yọ òǹwòran kúrò ni net ionic equation:

Ag⁺(aq) + Cl⁻(aq) → AgCl(s)

Wo bó ṣe kúrú tó. Ìdọ́gba yìí kan náà ló sì bá a mu bí o bá fi KCl, CaCl₂ tàbí omi HCl rọ́pò iyọ̀ ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí háhásórí ò fi mọ́gbọ́n dání: ìdọ́gba kan ṣoṣo lò ń há ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: kọ ọ́ ní odindi, kí o sì mú un dọ́gba

Jẹ́ ká mú ohun tí gbogbo ilé mọ̀. Álọ́ọ̀mù wà lọ́jà, òun ni wọ́n ń fi sínú omi tó rú kó lè tòrò. Potash alum nínú wọn, KAl(SO₄)₂ ni. Kósítíìkì sóòdà, NaOH, náà kò jìnnà sí wa: Òṣogbo ìlú aró ni, ọ̀pọ̀ aláró òde òní ló sì ń lò ó nídìí àdìrẹ.

Kí a tó tẹ̀síwájú: kósítíìkì sóòdà ń jẹ ara, ó sì lè ba ojú jẹ́ títí láé. Sóòdà ni à ń rọra dà sínú omi. A kì í da omi lé sóòdà lórí, torí ó ń gbóná gan-an bó ṣe ń yòrò. Inú láàbù ni kí o ti ṣe èyí, pẹ̀lú awò ìdáàbòbò lójú rẹ àti tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Má lọ bu ti ìyá aláró wá sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìdọ́gba odindi rẹ̀ nìyí:

2KAl(SO₄)₂ + 6NaOH → 2Al(OH)₃ + K₂SO₄ + 3Na₂SO₄

Kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. K méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún. Al méjì, méjì. SO₄ mẹ́rin lápá òsì. Lápá ọ̀tún, ọ̀kan pẹ̀lú mẹ́ta. Na mẹ́fà, mẹ́fà. OH mẹ́fà, mẹ́fà. Bí ìdọ́gba odindi kò bá dọ́gba, má wulẹ̀ lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: fi àmì ipò sí i

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá fi (s) síbi tó yẹ kó fi (aq) sí ti ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yòrò nínú omi gba (aq), gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti irin gba (s), omi fúnra rẹ̀ gba (l), gáàsì gba (g).

Báwo lo ṣe máa mọ èyí tó ń yòrò? Òfin méjì àkọ́kọ́ yìí nìkan ló ń yanjú púpọ̀ nínú ìbéèrè ìdánwò:

- Gbogbo iyọ̀ tó bá ní Na⁺, K⁺ tàbí NH₄⁺ nínú ló ń yòrò.
- Gbogbo iyọ̀ nitrate ló ń yòrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, chloride, bromide àti iodide ń yòrò, àfi ti Ag⁺ àti Pb²⁺. Sulphate ń yòrò, àfi ti Ba²⁺ àti Pb²⁺. Ti Ca²⁺ ń yòrò díẹ̀. Carbonate, phosphate àti hydroxide ni alágídí: wọn kì í yòrò, àfi kí wọ́n wà pẹ̀lú Na⁺, K⁺ tàbí NH₄⁺. Nínú hydroxide, Ba(OH)₂ ń yòrò, Ca(OH)₂ sì ń yòrò díẹ̀. Èyí díẹ̀ tó yòrò nínú Ca(OH)₂ yẹn ni limewater tí a fi ń dá CO₂ mọ̀.

Padà sórí álọ́ọ̀mù wa. Álọ́ọ̀mù ní K⁺, ó yòrò. NaOH ní Na⁺, ó yòrò. K₂SO₄ àti Na₂SO₄, òfin kìn-ín-ní ti dá wọn sí. Al(OH)₃ jẹ́ hydroxide, Al³⁺ kò sì sí lára àwọn tí a yọ sílẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni:

2KAl(SO₄)₂(aq) + 6NaOH(aq) → 2Al(OH)₃(s) + K₂SO₄(aq) + 3Na₂SO₄(aq)

Ìgbésẹ̀ kẹta: tú àwọn tó yẹ ká tú

Ohun tó ní (aq) tó sì tú pátápátá nínú omi nìkan là ń tú sí áyọ́ọ̀nù. (s), (l) àti (g), má fọwọ́ kàn wọ́n.

2K⁺(aq) + 2Al³⁺(aq) + 4SO₄²⁻(aq) + 6Na⁺(aq) + 6OH⁻(aq) → 2Al(OH)₃(s) + 2K⁺(aq) + 6Na⁺(aq) + 4SO₄²⁻(aq)

Àṣìṣe mẹ́ta ni mo máa ń fi bírò pupa yí ká níbí. Àkọ́kọ́, kí ọmọ tú SO₄²⁻ sí S àti O. Rárá. SO₄²⁻, NO₃⁻, CO₃²⁻, NH₄⁺, OH⁻, odindi ni wọ́n ń rìn. Èkejì, kí ó mú CaCl₂ kó sì kọ Ca²⁺ + Cl₂²⁻. Nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀ Cl yẹn, iwájú ló ń bọ̀ tí a bá tú u: Ca²⁺ + 2Cl⁻. Ẹ̀kẹta, kí ó gbàgbé láti fi nọ́ńbà iwájú sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ di púpọ̀. Wo 2KAl(SO₄)₂ yẹn: SO₄ méjì lọ́nà méjì, mẹ́rin ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fagi lé àwọn òǹwòran

Wo apá òsì, wo apá ọ̀tún. Èyíkéyìí tó bá fara hàn níbi méjèèjì pẹ̀lú ṣáàjì kan náà àti ipò kan náà, fagi lé e. 2K⁺ lọ. 6Na⁺ lọ. 4SO₄²⁻ lọ. Ó ku:

2Al³⁺(aq) + 6OH⁻(aq) → 2Al(OH)₃(s)

Mo ní ṣáàjì kan náà àti ipò kan náà, torí àwọn kan máa ń rí Cu lápá òsì àti Cu²⁺ lápá ọ̀tún, wọ́n á sì fagi lé méjèèjì. Cu àti Cu²⁺ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ọ̀kan jẹ́ irin pupa tí o lè fọwọ́ dì mú, èkejì ń mú omi di búlúù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dín in kù, kí o sì ka ṣáàjì

Nọ́ńbà iwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì lè pín wọn. Pín wọn:

Al³⁺(aq) + 3OH⁻(aq) → Al(OH)₃(s)

Wá ka átọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà kí o ka ṣáàjì. Lápá òsì, +3 àti −3, òdo ni. Lápá ọ̀tún, òdo. Ó pé. Kò pọn dandan kí ṣáàjì jẹ́ òdo o. Kó ṣáà ti bá ara mu ní apá méjèèjì ni. Ọ̀pọ̀ ló ń fo kíka ṣáàjì yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń tú àṣírí ìdọ́gba tí kò tọ̀nà. Àpẹẹrẹ: ọmọ kan lè kọ Cu + Ag⁺ → Cu²⁺ + Ag. Átọ́ọ̀mù pé pérépéré. Ṣùgbọ́n +1 wà lápá òsì, +2 wà lápá ọ̀tún. Ó di Cu + 2Ag⁺ → Cu²⁺ + 2Ag, +2 sí +2.

Tí o bá ń da sóòdà síi ńkọ́?

Tí o bá ń kán omi sóòdà sínú omi álọ́ọ̀mù, funfun kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ló máa kọ́kọ́ yọ, kò ní dì sùùsùù bíi ti AgCl. Máa kán an lọ, kí o sì máa mi test tube náà. Tó bá yá, funfun yẹn á máa fẹ́lẹ́ sí i, omi á sì tún mọ́ gaara. Ìwé ìdánwò ní kí o kọ ọ́ pé ó "soluble in excess". Ìdọ́gba kejì nìyẹn, lọ́tọ̀:

Al(OH)₃(s) + OH⁻(aq) → [Al(OH)₄]⁻(aq)

Ṣáàjì −1 lápá òsì, −1 lápá ọ̀tún. Má gbìyànjú láti ki ìdọ́gba méjèèjì yìí bọ inú ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ ammonia lo kán sí i dípò sóòdà, funfun yẹn á yọ, ṣùgbọ́n kò ní yòrò padà. Ti Zn²⁺ ń yòrò padà nínú sóòdà àti nínú ammonia, ohun tí a sì fi ń dá Al³⁺ àti Zn²⁺ mọ̀ yàtọ̀ nìyẹn.

Ohun tó sì ń mú omi tó rú tòrò nílé kò jìnnà sí èyí. Al³⁺ inú álọ́ọ̀mù ń bá HCO₃⁻ tó wà nínú omi pàdé:

Al³⁺(aq) + 3HCO₃⁻(aq) → Al(OH)₃(s) + 3CO₂(g)

Al(OH)₃ yẹn ló ń kó ìdọ̀tí mọ́ra tó fi ń silẹ̀. K⁺ àti SO₄²⁻ ò bá wọn dá sí i.

Omi eérú àti ìkarahun ìgbín

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o ti gbọ́ ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta yé dájú, ibí ni kí o ti dán ara rẹ wò. Àwọn àgbà aláró wa ò mọ kósítíìkì sóòdà. Eérú ni wọ́n ń rọ omi gbà kọjá, omi tó bá sì kán sísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń po ẹlú. K₂CO₃ wà nínú omi eérú yẹn. Ìkarahun ìgbín ní tirẹ̀, CaCO₃ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Carbonate ni méjèèjì. Da HCl sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì á hó, CO₂ á sì jáde. Ṣé ìdọ́gba áyọ́ọ̀nù kan náà ni wọ́n ní?

Rárá. K₂CO₃ yòrò, a tú u. K⁺ àti Cl⁻ di òǹwòran:

CO₃²⁻(aq) + 2H⁺(aq) → H₂O(l) + CO₂(g)

CaCO₃ kò yòrò. Òkúta ni lójú ásíìdì, odindi ló sì ń wọ inú ìdọ́gba. Cl⁻ nìkan ni òǹwòran:

CaCO₃(s) + 2H⁺(aq) → Ca²⁺(aq) + H₂O(l) + CO₂(g)

Ẹni tó bá kọ ti àkọ́kọ́ fún ìkarahun ìgbín ń sọ pé ìkarahun ti yòrò nínú omi kí ásíìdì tó dé. Kí ló dé tí òjò ò fi tíì fọ gbogbo ìgbín lọ?

Ásíìdì tí kò lágbára: (aq) ni, ṣùgbọ́n má tú u

Àwọn ásíìdì tó lágbára tí o máa bá pàdé níléèwé ni HCl, HBr, HI, HNO₃ àti H₂SO₄. Ìwọ̀nyí là ń tú. H₂SO₄, níwọ̀n tí SS3 mọ, tú u sí 2H⁺ àti SO₄²⁻. Tí ásíìdì tó lágbára bá pàdé álíkálì tó lágbára (bíi NaOH), gbogbo rẹ̀ kì í ju èyí lọ:

H⁺(aq) + OH⁻(aq) → H₂O(l)

Ethanoic acid, èyí tó wà nínú fínígà, kò sí lára wọn. Ó yòrò dáadáa, (aq) ni, àmọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń tú. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà ní odindi CH₃COOH. Nítorí náà odindi là ń kọ:

CH₃COOH(aq) + OH⁻(aq) → CH₃COO⁻(aq) + H₂O(l)

NH₃ (ammonia) náà bẹ́ẹ̀. NH₃(aq) + H⁺(aq) → NH₄⁺(aq). Má kọ NH₄⁺ àti OH⁻ sápá òsì.

Ibi tí òǹwòran ò sí, àti ibi tó jẹ́ pé òǹwòran ni gbogbo wọn

Da KNO₃ pọ̀ mọ́ NaCl. Tú wọn, K⁺, NO₃⁻, Na⁺, Cl⁻ lápá òsì, àwọn kan náà lápá ọ̀tún. Fagi lé òǹwòran, ìwé á ṣófo. Kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o má ṣe wá ìdọ́gba tipátipá fún un.

Ba(OH)₂ pẹ̀lú H₂SO₄ ni ọ̀tọ̀ pátápátá:

Ba²⁺(aq) + 2OH⁻(aq) + 2H⁺(aq) + SO₄²⁻(aq) → BaSO₄(s) + 2H₂O(l)

Kò sí ẹnì kankan tó dúró wòran. BaSO₄ di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, ìyókù di omi. Bí o bá so gílóòbù mọ́ wáyà méjì tó wà nínú Ba(OH)₂, tí o sì ń kán ásíìdì náà sí i, gílóòbù á máa ṣe bàìbàì títí, torí kò sí áyọ́ọ̀nù tó kù tó lè gbé iná kọjá. Tí ásíìdì bá ti wá pọ̀ jù, á tún mọ́lẹ̀ padà. Ọmọ tí tíṣà ti sọ fún pé "òǹwòran gbọ́dọ̀ wà" á kàn fi agídí fagi lé nǹkan níbí ni.

Gbìyànjú ìwọ̀nyí, lẹ́yìn náà kí o wo ìdáhùn

Omi Pb(NO₃)₂ pẹ̀lú KI. FeCl₃ pẹ̀lú NaOH. CuSO₄ pẹ̀lú BaCl₂. Zn pẹ̀lú HCl. NH₄Cl pẹ̀lú NaOH, kí o sì gbé e lé iná díẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, yẹ́lò tó ń tàn yòò ni: Pb²⁺(aq) + 2I⁻(aq) → PbI₂(s). Ìkejì, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ pupa rúsúrúsú: Fe³⁺(aq) + 3OH⁻(aq) → Fe(OH)₃(s).

Ìkẹta, Ba²⁺(aq) + SO₄²⁻(aq) → BaSO₄(s). Mo fẹ́ràn ìyẹn fún àwọn tí kò gbà pé òǹwòran ṣì wà nínú ìgò: lẹ́yìn tí funfun bá ti silẹ̀, omi tó wà lókè ṣì búlúù. Cu²⁺ nìyẹn.

Ìkẹrin, Zn(s) + 2H⁺(aq) → Zn²⁺(aq) + H₂(g). Irin ni Zn, a kì í tú irin. Cl⁻ nìkan ló ń wòran.

Ìkarùn-ún, NH₄⁺(aq) + OH⁻(aq) → NH₃(g) + H₂O(l). Na⁺ àti Cl⁻ yẹ̀ba. Òórùn rẹ̀ á ta ọ́ nímú. Má fi imú bọ ẹnu ìgò, ọwọ́ ni kí o fi fẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ rẹ. Fi lítímọ́ọ̀sì pupa tí o ti rẹ sómi díẹ̀ sí ẹnu test tube, á di búlúù. Kọ ìyẹn sábẹ́ Observation, kọ "NH₃, nítorí náà NH₄⁺ wà" sábẹ́ Inference ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé ìdánwò fẹ́, kí ìdọ́gba rẹ sì tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.